Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gbé Mi Dé Tíátà

Mo ga. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi kí wọ́n tó kí mi. Ní Onitsha níbí, tí mo bá ń bọ̀ lójú títì, àwọn ọmọdé á máa pariwo "Ogologo! Ogologo!" Gígùn nìyẹn lédè Igbo. Àwọn tó bá wá mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni mí á fi "Ngbati" kún un, wọ́n á so méjèèjì pọ̀ bí orúkọ àti orúkọ bàbá. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ìka mi rí bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Àyà mi wọnú síhìn-ín, ó yọ sọ́hùn-ún. Ó jọ pé ẹni tó mọ mí wọn gígùn mi dáadáa, oúnjẹ wá délẹ̀, ó sì gbàgbé ìbú.

Mo fi ilé ìwé sílẹ̀, tàbí ká kúkú sọ pé ilé ìwé fi mí sílẹ̀. Àwa méjèèjì ò bínú síra wa. Tíṣà ní gíga mi ń dí àwọn yòókù lójú, ó ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Láti ẹ̀yìn yẹn, pátákó ìkọ̀wé dà bí ilẹ̀kùn dúdú kan tí ẹnì kan da ẹfun sí lára. Tí wọ́n bá ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀, mo máa ń ṣẹ̀dá tèmi. Lọ́jọ́ kan mo ka ìtàn kan jáde látojú pátákó, ìtàn nípa ìyàwó kan tó fi ọ̀bọ ránṣẹ́ sílé ọkọ, ó dùn débi pé gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ìṣirò ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní olódo ni mí. Mi ò bá wọn jiyàn, torí nígbà tí wọ́n tiẹ̀ gbé mi wá síwájú, ìṣirò yẹn ò yé mi náà.

Bí mo ṣe di ọmọ ọjà nìyẹn. Onitsha ni wọ́n bí mi sí, ogun ló lé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Bàámi. Ibẹ̀ ni Bàámi kú sí. Ó gbé àpótí kan lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó di àyà mú, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Òun náà ga bíi tèmi. Nígbà tí ogun parí, Màámi kó èmi àti ẹrù aṣọ ẹ̀, ó ní ọjà Onitsha lòun mọ̀, ọjà Onitsha lòun máa tà. Ìgbà tá a padà dé, gbogbo ìlú ń rùn fún símẹ́ǹtì tútù. Ògiri tí ìbọn ti lu ihò sí lára lánàá, wọ́n á ti rẹ́ ẹ lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á ti kùn ún ní ọ̀dà. Owó epo ti wọ̀lú. Àwọn èèyàn ń ra léèsì bí ẹni ń ra ẹ̀pà.

Màámi ní kí n máa bá òun wọn aṣọ. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń tò síwájú ìsọ̀ wa, wọ́n ń ní, "Madam, make Ogologo measure am o!" Màámi rò pé ojú rere Ọlọ́run ni. Àfìgbà tó wò mí dáadáa tó rí i pé apá ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wo apá mi. Yáàdì kan lọ́dọ̀ mi, èyí tó lé lórí ẹ̀ tó rán ṣòkòtò fún ọmọdé.

Ó lé mi kúrò nídìí aṣọ wíwọ̀n, ó ní kí n máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa pe oníbàárà. Ìyẹn náà ò lọ títí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo rí obìnrin kan tó wọ búbá tó dára níwájú ìsọ̀ kejì. Mo kí i. Mo pè é ní Madam. Mo sọ fún un pé tiwa ló dára jù. Kò dá mi lóhùn, mo dín owó kù. Kò ṣì dá mi lóhùn, mo tún dín in kù, mo ní ṣe ló ń gbéra ga ni? Ọkùnrin Igbo tó ni ìsọ̀ yẹn bú sẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ère onígi ni, tó wọ aṣọ fún káwọn èèyàn lè máa wò ó.

"Ngbati," ó ní, "na wood you dey toast so!"

Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó wá síwájú mi, ó gbé ìka sókè. "Mélòó nìyí?"

"Ìka wo, Mà?"

Lọ́jọ́ kejì, a ti wà nílé ìwòsàn ìjọ kan tó wà lójú ọ̀nà Owerri, kéèyàn tó dé ìlú Oba. Dókítà ojú tó wà níbẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń kánjú, tan iná sínú ojú mi. Ó ní dígí kékeré kan wà nínú ojú gbogbo èèyàn, okùn tín-ín-tín-ín ló fi rọ̀ síbẹ̀. Okùn tèmi ti ń já, dígí náà sì ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun á yọ ọ́, awò ojú á wá ṣe iṣẹ́ tí dígí ń ṣe. Inú mi dùn! Mo ti dìde pé ká lọ yọ ọ́. Ó wá wo ìka mi, ó wo àyà mi, ó wo bí mo ṣe dúró gbàgọ̀dọ̀ níwájú òun, kò sì kánjú mọ́.

"Jókòó," ó ní. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí ẹ ná."

Ẹni yẹn ni dókítà tó máa ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó fọ̀bẹ kàn án. Obìnrin ni, ọmọ Igbo. Ìbàdàn ló ti kàwé kí ogun tó dé, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àfi pé ohùn ẹ̀ máa ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Mi ò rí ojú ẹ̀, mi ò sì rí ojú ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ tóbi. Mo rò pé òmìrán ni.

"Di ẹ̀ṣẹ́, kó o fi àtàńpàkò sínú."

Mo dì í. Àtàńpàkò mi yọ lódìkejì, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé.

"La ẹnu." Ó tan iná síbẹ̀. "Hẹ̀n! Òkè ẹnu ẹ ga bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní, "Ṣé ẹ rí àwọn akọrin níbẹ̀, Mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn lé mi láyà, ẹ̀rín sì tán. Ó gbọ́ ọ títí. Ó ní kí n tẹ̀ síwájú, ó tún gbọ́ ọ. Ó wá yíjú sí Màámi.

"Mà, ta ló tún ga báyìí nínú ẹbí?"

"Bàbá ẹ̀ ni. Àti àbúrò bàbá ẹ̀ obìnrin tó wà nílé."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

Màámi kọ́kọ́ tún gèlè ẹ̀ ṣe. "Wọ́n ti lọ. Àyà ló dédé mú wọn. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni."

"Ndo, Mà. Ẹ pẹ̀lẹ́." Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Aṣọ ni mò ń tà."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá fi òwú tí ò lágbára hun odidi aṣọ, ibo ló ti máa kọ́kọ́ ya?"

"Ibi tó bá ń fà jù ni," Màámi dáhùn kíá, torí ọ̀rọ̀ ti dé ìsọ̀ ẹ̀.

"Irú òwú yẹn ni wọ́n fi hun ọmọ yín, Mà, látinú bàbá ẹ̀ ló ti wá. Òwú kan náà ló wà nínú okùn ojú ẹ̀. Òun ló wà nínú oríkèé ẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Òun náà ló wà lára páìpù ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn. Páìpù yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Mo gbọ́ ìró ẹ̀, ó ti ń fẹ̀. Tí ọkàn bá sáré jù, tí ẹ̀jẹ̀ bá tì í jù, ó lè ya. Mo rò pé òun ló ya nínú bàbá ẹ̀."

Màámi ní, "Kì í ṣe ayé?"

"Kì í ṣe ayé, Mà. Òwú ni."

Ó wá dárúkọ òyìnbó àìsàn náà. Ó ti bọ́ lórí mi kó tó parí ẹ̀. Ó ní kò wọ́pọ̀ rárá, pé látọjọ́ tóun ti ń kun èèyàn lóorun, èmi lẹnì kejì tóun máa rí. Ẹ wo èmi! Èmi tí mò ń gba ipò ìkẹyìn látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo wá gba ipò kejì níbì kan. Mo dìde nílẹ̀, mo ń yọ̀. Dókítà di ọrùn-ọwọ́ mi mú.

"Wò ó bó ṣe ń sáré. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́."

Ó fún mi ní hóró oògùn tí á máa fa ìjánu ọkàn mi. Ó ní èmi á lo ìyẹn títí ọkàn á fi balẹ̀, kí òun tó gbà kí wọ́n gbé mi wọ tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ó to òfin sílẹ̀: mi ò gbọdọ̀ gbé ẹrù, mi ò gbọdọ̀ jà, mi ò gbọdọ̀ sáré. "Mi ò sì fẹ́ kó o dojú bolẹ̀ rárá. Dígí yẹn lè jábọ́ síwájú ojú, kó dí omi ojú mọ́nú. Ìrora ẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ, ojú sì lè fọ́."

"Ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́, Mà?"

"Èèwọ̀."

Áà! Ta ló tún gbádùn bíi tèmi? Ọmọ Yorùbá tí dókítà fún láṣẹ pé kó má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Gbogbo àwọn ará wa tó ń ta aṣọ àti provision nínú ọjà ni mo lọ bẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn. Mo máa dúró gbàgbàlà níwájú àgbà, mo máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ díẹ̀, mo máa ní, "Ẹ káàsán, sà. Dókítà ni ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀." Àwọn kan ṣe mí ní pẹ̀lẹ́. Àwọn kan ní Onitsha ti ba ọmọ yìí jẹ́ pátápátá.

Dókítà fúnra ẹ̀ máa ń wá sí ìsọ̀ wa lọ́jọ́ tó bá ráyè. Á ní aṣọ lòun wá ná. Ọwọ́ kan á wà lára léèsì, èkejì á wà lọ́rùn-ọwọ́ mi, á máa ka bí ọkàn mi ṣe ń lù láàárín ariwo ọjà. Ó ní nílé ìwòsàn gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù, pé òun fẹ́ mọ bí ọkàn mi ṣe ń ṣe nígbà tó bá wà nílé ara ẹ̀. Ọkùnrin tó ni ère onígi á ké sí mi látọ̀ọ́kán:

"Ngbati! Your wife don come hold hand again!"

Ọkàn mi á sì fò. Dókítà á mi orí. "Ó tún ti sáré. Ìwọ yìí, kí ló ń dùn mọ́ ẹ nínú tó báyìí?"

Mi ò mọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ ríran!

Nígbà tó yá, oògùn ṣiṣẹ́. Ó gbà kí n wá sùn sí wọ́ọ̀dù ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ara mi balẹ̀. Ó kìlọ̀ fún Màámi pé kó má sọ fún èrò. Màámi búra pé òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyá ìjọ nìkan, ìyẹn náà nítorí àdúrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn ará wa, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la ojú ọmọ ẹnì kan, kí wọ́n má lọ kí i? Ọ̀tá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, mo gbọ́ tí lọ́rì kan dúró níwájú wọ́ọ̀dù. Mo gbọ́ orin. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin ìjọ wọlé ní wọ̀ǹtì wọntì, gbogbo "ẹ kú" tó wà lédè wa ni wọ́n kó wá: ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ ti ń kí mi ní "ẹ kú ewu," tí a máa ń kí ẹni tí ewu ti ré kọjá. Mo ní, "Ìyá, a ò tíì débẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ń pariwo "Visiting time never reach!" kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé mo ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà náà ni Baba wọlé, àgbà gbogbo Yorùbá Onitsha, tó ti wà níbí kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Àwa la rin gbogbo ọ̀nà yìí," ó ní. "Ọmọ yìí wá jókòó bí ọba. Bàbá ẹ̀ ò jókòó kí mi rí o."

Ẹ wò ó, mi ò ronú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé orí mi ò sí níbẹ̀ rárá, bó ti máa ń ṣe. Ara mi ló ṣe é fúnra ẹ̀. Mo fò sílẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì, mo nà gbalaja, àyà lulẹ̀, imú lulẹ̀. Èmi tí mo ga, mo gba gbogbo àlàfo tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì mi àti ti ẹnì kejì. Ìdọ̀bálẹ̀ tó dára jù láyé mi nìyẹn. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Baba ní, "Ọmọ bàbá ẹ̀ ni!"

Bí mo ṣe gbórí sókè, nǹkan kan já nínú ojú mi ọ̀tún. Kíákíá ni ìrora dé, bí ìgbà téèyàn ti ìṣó bọ ẹ̀yìn ojú. Mo kígbe. Mo bì. Ọkàn mi ń lù bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn pé iná ń jó.

Dókítà méjèèjì dé. Wọ́n dúró sórí mi, wọ́n ń jiyàn. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí olódo tí kì í gbọ́ òyìnbó tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ikú ẹ̀.

"Dígí ti bọ́ síwájú," dókítà ojú sọ. "Ibẹ̀ rọrùn fún mi láti mú un. Ṣùgbọ́n òní ni. Tó bá di ọ̀la, ojú yẹn ti lọ."

"Ọkàn ẹ̀ ń sáré. Mi ò lè kùn ún lóorun báyìí."

"Ojú ò lè dúró!"

"Páìpù yẹn náà ò ṣe é rán tó bá ya. Fún mi láyè díẹ̀."

Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá kan tó ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíátà. Dókítà obìnrin yẹn fún mi lábẹ́rẹ́ tó ń dín ìrora kù, ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n má mira. Ó jókòó tì mí, ìka ẹ̀ ò kúrò lọ́rùn-ọwọ́ mi. Ó rọra ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ẹranko tó ta gìrì.

"Oorun kọ́ ni ìṣòro. Mo máa ki rọ́bà kan bọ ọ̀fun ẹ kó o lè máa mí. Ara èèyàn máa ń bínú sí rọ́bà yẹn, ọkàn á fò. Tó bá jẹ́ pé tìẹ ti ń fò kí n tó débẹ̀, ibo ló máa fò dé?"

Gbogbo àwàdà mi ti tán. "Ṣé bíi ti Bàámi ló máa rí, Mà?"

"Tí n bá kánjú, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mi ò fi kánjú nìyí."

Ó ní kí wọ́n lọ pa orin ìta. Màámi jáde lọ. Mo gbọ́ ohùn Baba tó ń pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lanu, kí kálukú gbàdúrà nínú. Ẹ ò rí irú ẹ̀ rí, èmi náà ò rí i: odidi lọ́rì obìnrin Yorùbá tó ń gbàdúrà láìsí ohùn! Wọ́n dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ètè ń mì, kò sí nǹkan tó ń jáde. Màámi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ohun témi gbọ́ ni pé gbogbo ayé dédé dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo bá rò pé mo ti kú.

Ọkàn mi tún gbéra, ó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà tẹ̀ sórí mi. "Kí ló dé?"

"Mi ò gbọ́ wọn mọ́. Ṣé wọ́n ti sin mí ni?"

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ yín rò pé òun ti kú."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú, àtẹ́wọ́ ò sí, ẹnu pípadé nìkan, ó ń bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn bí oyin tó wà jìnnà. Mo ń gbọ́ ohùn Màámi nínú ẹ̀. Baba ń ṣi orin náà kọ nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Mo ń mí. Dókítà ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ìka ẹ̀ ń gbọ́. Nígbà tó yá ó ní, "Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ wálẹ̀. Má sọ̀rọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ, jọ̀ọ́, má sọ̀rọ̀."

Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Wọ́n gbé mi wọlé. Ó ní kí wọ́n ká aṣọ sábẹ́ ìgúnpá mi, sábẹ́ orúnkún, sábẹ́ ọrùn, torí oríkèé mi lè yẹ̀ lójú oorun kí n má mọ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà kúrú. Ẹsẹ̀ mi yọ sẹ́yìn, wọ́n lọ gbé àga wá fún un. Ó sọ fáwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa àgbọ̀n mi, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi tipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú mi, ẹ̀dọ̀fóró mi lè bẹ́. Lẹ́yìn náà rọ́bà dúdú kan bò mí nímú, ó ń rùn bíi táyà tuntun. Orin yẹn ṣì ń bọ̀ látìta. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo fẹ́ràn òórùn táyà. Mi ò mọ̀ bóyá mo sọ ọ́.

Mo jí, mo ń ṣépè lédè Igbo. Wọ́n ní mo bú dókítà ojú, mo bú ère onígi, mo wá ní, "Nne, agụụ na-agụ m," pé ebi ń pa mí. Màámi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Rọ́bà ti kúrò lọ́fun mi tipẹ́. Dókítà ní òun mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ nígbà tí mo ṣì sùn wọra ni, kí n má baà húkọ́, kí ojú tí wọ́n rán má baà tú. Ó ní nígbà tóun ki rọ́bà yẹn bọlé, ọkàn mi fò lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì jókòó.

"Bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀," ó ní, "tí ò dìde."

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ̀. Ó tún sọ fún Màámi pé kó jọ̀ọ́, kó wá bó ṣe máa ránṣẹ́ sí àbúrò Bàámi obìnrin, kí dókítà kan gbọ́ àyà tiẹ̀ náà kó tó pẹ́ jù. Màámi ò ránṣẹ́. Ó wọkọ̀ fúnra ẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́hùn-ún, ó rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kó tó padà wá.

Ojú pẹ́ kó tó jinná. Baba wá kí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní bí mo bá fi lè gbéra pé mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, òun á fi ọ̀pá ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní awò kan tó nípọn bí ìdí ìgò. Mo gbé e wọ̀ níwájú dókítà akunnilóorun. Obìnrin kékeré kan ni! Kò dé àyà mi! Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó ni ohùn yẹn.

"Kí lò ń wá?" ó ní, ó sì ti nawọ́ sí ọrùn-ọwọ́ mi.

Ó ku ojú òsì. A ò tíì dá ọjọ́ fún un. Ó ní àfi kí páìpù yẹn má tún fẹ̀ sí i, òun á máa gbọ́ ọ. Oògùn náà ń lọ lójoojúmọ́. Mi ò ní gbé ẹrù láyé mi mọ́, èyí tí ò dùn mí rárá.

Lọ́jọ́ tá a ń padà sílé, a jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, èmi lójú fèrèsé. Ẹ̀yin èèyàn mi! Gbogbo ọ̀nà ló ní ọ̀rọ̀ lára! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Símẹ́ǹtì wà níbí. A ń rọ bíríkì. Ilé yìí kì í ṣe títà. A ń tún táyà ṣe. Tọ̀ sí ibí kó o rí i. Mo rí ewé lára igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí òṣìṣẹ́ lórí òrùlé tó ń fi ìṣó sẹ́nu. Mo tún kà: ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ilé ìwé aláṣàálẹ́, moin-moin gbígbóná.

"Abeg, who carry this radio enter motor?" ọkùnrin kan bèèrè níwájú.

"Na today e begin see," Màámi dá a lóhùn. "Leave am."

Mo yíjú sí i. Mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ewú ti kún iwájú orí ẹ̀ lábẹ́ gèlè, ìlà sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀ tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo tún kọjú síta, mo tún gbé ohùn sókè, pátákó tuntun ti ń bọ̀ lókè, lẹ́tà pupa ńláńlá.

Màámi gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ lé mi láyà, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe rí dókítà tó ń ṣe é.

"Máa kà á," ó ní. "Ṣùgbọ́n rọra máa kà á."